Ogójì Maṣíìnì Ìyá Kan

Ìbídàpọ̀ mọ̀ pé bí òun bá jókòó, òun ò ní lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi kọ àga tí Bàbá Ràmọ́nù, àgbà ilé náà, gbé fún un, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà láàárín àgbàlá. Ilé oníyàrá méjìlá ni, ní Ṣómólú, ilẹ̀kùn mẹ́fà dojú kọ ilẹ̀kùn mẹ́fà, ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sì sọ nídìí ẹ̀rọ omi yẹn, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́. Gbogbo ará ilé ló ti jáde. Màmá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gíláàsì tuntun tí dókítà fún un wà lójú rẹ̀, ó ń wo ohun gbogbo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Sabina dúró lẹ́nu géètì, kò wọlé, kò sì lọ. Maṣíìnì ìránṣọ kan wà nílẹ̀ láàárín wọn, aṣọ bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé," Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ti há mi lọ́fun, mi ò lè gbé e mì mọ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ bá a kú. Òótọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rù á bà mí, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Oníṣòwò ni Ìbídàpọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bariga, maṣíìnì ìránṣọ tòkunbọ̀ ló ń tà níbẹ̀. Moshood ló ń bá a tún wọn ṣe, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá kun maṣíìnì tó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó fi í sílẹ̀ gan-an á fẹ́ tún un rà. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìbídàpọ̀ ò ka òwe yìí sí tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó gbé ọjà rẹ̀ dórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tajà lórí fóònù. Gbàrà tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní ṣọ́ọ̀bù, wàhálà dé. "Ẹ ti tún un kùn, àbí?" "Bó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa gbà á padà?" "Ẹ já a wálẹ̀, èrè tí ẹ fi lé e ti pọ̀ jù." Lọ́jọ́ kan, ó rí obìnrin kan tó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ lókè òkun, tó gbé maṣíìnì kan ṣoṣo tó ń lò síbẹ̀ láàárọ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti rà á. Ó dun Ìbídàpọ̀ débi pé ó gbé fóònù náà fún Moshood kó wò ó.

Moshood rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Dàpọ̀, àwọn èèyàn ò fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jèrè. Ọwọ́ ẹni tó ń dùn pé òun fẹ́ tà á ni wọ́n ti fẹ́ rà á. Ṣebí télọ̀ ni Màmá yín? Ṣebí wọn ò ríran mọ́? Kí lẹ tún ń wá kiri?"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé télọ̀ ni Màmá rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Ṣómólú nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, ó sì rán aṣọ fún odidi ogójì ọdún, títí kan aṣọ àwọn akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, kó tó di pé awọ funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Màmá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìbídàpọ̀ kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Maṣíìnì Màmá mi ni. Ojú wọn ò ríran mọ́. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ là ń wá." Orúkọ tó fi síbẹ̀ kì í ṣe Ìbídàpọ̀, nọ́ńbà tó fi síbẹ̀ sì jẹ́ ti síìmù káàdì tuntun.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Moshood á fi kẹ̀kẹ́ gbé maṣíìnì kan láti Bariga wá sí yàrá Màmá. Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ Ìbídàpọ̀ ló wà. Á ṣí dúrọ́ọ̀ maṣíìnì náà, á ju òwú wẹ́wẹ́ sí i, á fi bọ́tìnnì méjì àti ṣọ́ọ̀kì tó ti kán sí i, á wá gé díẹ̀ lára téèpù àtijọ́ tí Màmá fi ń wọn aṣọ, á ká a sójú kan níbẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí i lè rò pé ọwọ́ àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ ni. Bí Màmá bá béèrè pé, "Dàpọ̀, ti ta ni maṣíìnì tó wà níbí?" á ní, "Ti oníbàárà mi kan ni, Màmá. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àdúrà sin ín." Ta ló máa bẹ Màmá Télọ̀ pé kó gbàdúrà fún aránṣọ, tí kò ní gbà? Á na ọwọ́, á wá orí ẹni náà kàn, á ní, "Olúwa á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọrùn. Aṣọ tí o bá rán ò ní padà wá bá ọ jà. Iṣẹ́ yìí tọ́ ọmọ mi dàgbà, á tọ́ tìrẹ náà." Àwọn tó fẹ́ ra maṣíìnì á kúnlẹ̀, omi á lé ròrò lójú wọn, wọn ò sì ní rántí béèrè ìbéèrè kankan mọ́.

"Àdúrà ìyá mi ni mo fi kun maṣíìnì yẹn," Ìbídàpọ̀ sọ fún àwọn ará ilé. "Ọ̀dà Moshood ò tó nǹkan kan lára rẹ̀. Láàárín ọdún kan, mo ta maṣíìnì Màmá mi nígbà ogójì."

Obìnrin kan pòṣé.

Ó ní àwọn tó pe òun láti bú òun ò dun òun, torí òun máa ń yọ síìmù náà sọ nù ni. Èyí tó dùn ún ni ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Saheed, tó wá láti Ìkòròdú, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tó ra maṣíìnì ló pè. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Maṣíìnì yẹn ti há, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mi ò pè láti bá yín jà o. Màmá gbàdúrà sí i níṣojú mi, mo mọ̀ pé irú yín ò lè tanni jẹ. Mo kàn fẹ́ bi yín bí Màmá ṣe máa ń lò ó ni. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi ni ò mọ̀ ọ́n." Kí ni Ìbídàpọ̀ sọ? Ó ní, "Ó lè jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹ má bínú, ẹyọ kan tí a ní náà nìyẹn." Saheed dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ní kó bá òun kí Màmá. Ìbídàpọ̀ yọ síìmù náà, àmọ́ ohùn ọkùnrin náà ò bá a lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, Sabina ló ń gbé nínú yàrá tó dojú kọ ti Màmá. Ìlàjẹ ni, láti etíkun Oǹdó, ẹja gbígbẹ ló ń tà. Kó tó lọ síbi ẹja láàárọ̀, á wá ka Bíbélì sí Màmá létí, á gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, òun náà ló sì ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ìbídàpọ̀ tó jẹ́ ọmọ ò ráyè. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni àgádágodo Màmá ní: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Màmá, ó sì fún Sabina ní ìkejì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé Ìbídàpọ̀ ti lọ gé ẹ̀kẹta, kó lè máa wọlé tajà nígbà tí Màmá bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sabina bi í lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí Dàpọ̀, ẹ má bínú o, kí ló dé tí ẹ ò ta àwọn maṣíìnì yìí ní ṣọ́ọ̀bù yín?" Ìbéèrè kékeré ni, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Ìbídàpọ̀ ti kórìíra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pa mọ́ kì í fẹ́ràn aládùúgbò tó lójú.

Màmá ní maṣíìnì tirẹ̀, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Dúdú ni, pákó orí rẹ̀ ní àpá áyọ́ọ̀nù kan lápá òsì. Ìbídàpọ̀ ló gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Màmá ò nà án nígbà náà, ó kàn ní, "Ó dáa, ìwọ náà ti kọ orúkọ rẹ sí i." Bí ojú Màmá tilẹ̀ ti fọ́, kò sí àárọ̀ tí kì í fi ọwọ́ yí maṣíìnì yẹn, kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Màmá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí àbúrò rẹ̀ tó kú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnolúwa wá ra maṣíìnì. Sabina ti lọ ra ẹja. Moshood kánjú lọ́jọ́ náà, kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Bí Ẹ̀bùnolúwa ṣe fọwọ́ kan maṣíìnì, dúdú bá a lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Ìbídàpọ̀.

"Àǹtí, ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ. Àbí oníṣòwò ni yín? Ẹ sọ fún mi o. Ìyá tèmi náà ò ríran kí wọ́n tó jáde láyé, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ mọ́tò wá láti Àgége."

Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Obìnrin náà á bínú, á bá tirẹ̀ lọ, ó parí. Àmọ́ ojú ti Ìbídàpọ̀, ẹni tí ojú bá sì tì lójijì, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ó dáhùn pé, "Rárá o, kì í ṣe èyí. Ti Màmá mi nìyí." Ó ṣí aṣọ kúrò lórí maṣíìnì dúdú tó wà ní igun yàrá.

Ẹ̀bùnolúwa yí i, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi ìka tọ àpá áyọ́ọ̀nù náà. "Èyí gan-an! Ó hàn pé ẹnì kan ti bá a gbé." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a gbé e dé ẹnu kẹ̀kẹ́. Àwọn ará ilé wà ní ìta, wọ́n rí i, àmọ́ ta ló máa fọkàn sí i? Ogójì maṣíìnì ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde.

"Nínú gbogbo ohun tí mo tà," ni Ìbídàpọ̀ wí, ó sì di ẹ̀rọ omi mú, "òun nìkan ló jẹ́ òótọ́. Mo rò pé màá rí irú rẹ̀ rà kí Màmá tó dé. Wọ́n sì fi ọjọ́ méjì tètè dé ju bí mo ṣe rò lọ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣojú gbogbo wọn. Màmá wọlé, ó na ọwọ́ sí igun yàrá, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ lásán. Ó figbe ta. Nígbà tí Ìbídàpọ̀ máa fi dé láti ṣọ́ọ̀bù, èrò ti pé sídìí ẹ̀rọ omi, Sabina wà láàárín wọn, ó ń sọ pé, "Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, Màmá, àmọ́ ìgbà tí mo gbálẹ̀ nìkan ni mo wọbẹ̀." Màmá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó yíjú sí i. "Dàpọ̀, ta ló ṣe èyí fún mi?"

Ìbídàpọ̀ sì dáhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kò pe Sabina lólè, ọgbọ́n tó rò pé òun dá nìyẹn. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Sabina gbé Bíbélì jáde láti fi búra, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní olè tún fẹ́ búra. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí etí omi ní Bariga. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń ka Bíbélì fún Màmá mọ́. Màmá máa ń sunkún láàárọ̀, Ìbídàpọ̀ sì máa ń rò pé torí maṣíìnì ni, àfìgbà tí Màmá sọ fún un pé, "Maṣíìnì kọ́, Dàpọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ni."

Ọdún méjì gorí ara wọn. Ìbídàpọ̀ ò lè bá Màmá jókòó pẹ́ mọ́. Lóṣù tó kọjá, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sójú Màmá. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì kúrò, ohun tí Màmá kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo fẹ́ rí ojú Sabina. Bí mo bá rí i, màá mọ̀ bóyá òun ló gbé e." Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ìbídàpọ̀ rí maṣíìnì dúdú kan lórí fóònù, àpá áyọ́ọ̀nù wà lápá òsì. Ẹ̀bùnolúwa ló fẹ́ tà á, ó ti kó wá sí Palmgrove, yàrá rẹ̀ tuntun ò sì gbà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọwọ́ ìyá àgbà kan ni mo ti rà á. Kò já mi kulẹ̀ rí." Ìbídàpọ̀ ní kí Moshood lọ bá òun rà á, kí Ẹ̀bùnolúwa má bàa dá òun mọ̀; òun fúnra rẹ̀ dúró dè é lójú títì.

"Ẹ kàn gbé e fún Màmá," Moshood gbà á nímọ̀ràn bó ṣe ń gbé e lé kẹ̀kẹ́, "ẹ ní a rí i lọ́jà. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti maṣíìnì náà nínú kẹ̀kẹ́, ó ń sọ irọ́ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó lè mọ́ ọn lẹ́nu: a rí i lọ́jà, Màmá, a rí i lọ́jà. Wọ́n dé Onípánù kó tó rántí ìbéèrè tí Màmá máa béèrè tẹ̀ lé e: ta ló wá tà á fún wọn? Ó mọ̀ pé Sabina lọkàn Màmá máa lọ sí, bóun ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Òun á tún wá bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ yà sí Bariga, kó máa lọ sí etí omi.

Sabina ń yí ẹja padà lórí ààrò nígbà tó dé. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ sínú ìpẹ́ ẹja, ó sọ gbogbo rẹ̀. Sabina ò fà á dìde. Ó yí ẹja tó kù padà tán, ó nu ọwọ́.

"Ẹ dìde, Àǹtí Dàpọ̀, aṣọ yín ń bà jẹ́. Ibí kọ́ lẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Nídìí ẹ̀rọ omi lẹ ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ èyí. Kí àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín gbọ́. Màá wá, àmọ́ mi ò ní wọlé."

Bó ṣe di pé wọ́n pé jọ lónìí nìyẹn. Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí aṣọ kúrò lórí maṣíìnì. Màmá na ọwọ́ sí i, ó fi ìka wá àpá náà, ó rí i. Bàbá Ràmọ́nù ṣí fìlà kúrò lórí, ó wo ilẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ yìí," Màmá béèrè, "níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Lórí fóònù, Màmá."

"Mú fóònù náà jáde. Parí rẹ̀ síbẹ̀."

Níṣojú gbogbo wọn, ó kọ ọ́: "Ìbídàpọ̀ lorúkọ mi. Oníṣòwò ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Bariga. Àwọn maṣíìnì tí mo tà níbí, tí mo ní ti Màmá mi ni wọ́n, irọ́ ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti bàjẹ́, kó gbé e wá." Ó kà á sókè. Ó rántí Saheed, ó tún gbólóhùn tó kẹ́yìn kà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ ilé náà tó dúró létí ògiri, tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀yin tó ń tajà lórí fóònù, ẹ wò mí dáadáa. Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti orí Sabina. Orúkọ ara mi ni mo kọ́kọ́ fi pa mọ́, mo rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó bá ti lè sin orúkọ ara rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa ba orúkọ ẹlòmíì jẹ́. Sabina, mo bẹ̀ ọ́. Màmá, ẹ dárí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ kẹta tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó gbé e sórí maṣíìnì.

Màmá mú un. Kò tíì wo ojú ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Sabina," ló wí, "sún mọ́ mi, kí n rí ọ."

Sabina dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wọlé láti ẹnu géètì. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá. Màmá gbá ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó tún un wò. Ọdún mẹ́fà ló fi gbọ́ ohùn rẹ̀, kò rí i rí.

"Ṣé bí o ṣe rí nìyí?" Màmá wí, omijé ń bọ́ sábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ náà sí i. "Gbà á. Tìrẹ ni."

Sabina mi orí. "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, Màmá. Mi ò lè gba kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ màá máa wá láàárọ̀. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣí i fún mi."

Màmá so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí Ìbídàpọ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Dìde, kí o bá mi gbé maṣíìnì mi wọlé," ló wí. "Láti òní lọ, ìwọ náà, wàá máa kan ilẹ̀kùn."